Ẹ Má Fi Ọsàn Wẹ́wẹ́ Fọ Sẹ́ǹtì Àtijọ́

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Lancaster ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ni mo ń gbé. Ní oṣù tó kọjá, wọ́n ń ta ẹrù ilé olóògbé kan ládùúgbò wa, mo sì ra àpótí bọ́tìnnì kan níbẹ̀. Nísàlẹ̀ àpótí náà ni mo ti bá sẹ́ǹtì ńlá mẹ́ta tí wọ́n fi bàbà ṣe: ọ̀kan jẹ́ ti 1798, èkejì ti 1803, ẹ̀kẹta ti 1847. Mo ti fi fọ́tò wọn ránṣẹ́ sí yín. Màmá mi tó wá bá wa tọ́jú ọmọ tuntun ní kí n fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú bó wọn kí wọ́n lè dán. Báwo ni mo ṣe máa mọ ìpele tí wọ́n wà? Ṣé kí n fi wọ́n ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ń fún owó àtijọ́ ní máàkì? Èmi àbúrò yín.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ kú ọwọ́ lómi o. Bá mi kí Màmá dáadáa, kí o sì bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé ọsàn wẹ́wẹ́ yẹn sílẹ̀. Ìmọ̀ràn wọn dára fún idẹ. Ẹ̀gbà ọwọ́, agogo, abẹ̀bẹ̀ Ọ̀ṣun, nǹkan tó yẹ kó máa dán ni wọ́n, ọsàn àti eérú sì ni àwọn ìyá wa fi ń bó wọn. Bàbà ara owó yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ pípọ́n tó ń ṣú yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí, awọ ara rẹ̀ ni. Ó ti lé ní igba ọdún tí awọ náà ti ń hù sára méjì nínú wọn. Tí o bá bó o lọ́sàn-án kan, kò sí ẹni tó lè dá a padà, àní títí ọmọ tuntun yẹn yóò fi darúgbó.

Ọ̀rọ̀ yìí ti ká mi lára rí. Ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó bàbà jọ, mo ra ọ̀kan ti 1794 lọ́wọ́ ọlọ́jà kan níbi ìpàtẹ owó. Àwọ̀ rẹ̀ dọ́gba, ó ń dán bí bàtà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, irun obìnrin tó wà níwájú rẹ̀ sì hàn fọ́nrán fọ́nrán. Owó oṣù méjì ni mo kó sílẹ̀. Kò tó ọdún kan tí àwọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lẹ́bàá àwọn lẹ́tà, tí pupa rẹ́súrẹ́sú kan ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti fi ásíìdì bó owó náà nígbà kan, wọ́n wá fi kẹ́míkà kùn ún padà. Irun ni mo wò lọ́jọ́ tí mo rà á. N kò wo awọ. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi awọ pẹ̀lú gbogbo ẹni tó bá bi mí ní irú ìbéèrè rẹ.

Kí ni ó wà lọ́wọ́ rẹ gan-an? Láti 1793 títí dé 1857 ni ilé ìtẹ̀wó Amẹ́ríkà ní Philadelphia fi ń tẹ sẹ́ǹtì bàbà ńlá. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 27 sí 29. Sẹ́ǹtì tó wà lápò rẹ báyìí jẹ́ 19. Àwọn bàbá wa náà ná owó bàbà lọ́dọ̀ òyìnbó, inú ọ̀rọ̀ òyìnbó tó túmọ̀ sí bàbà ni orúkọ kọ́bọ̀ ti jáde. Pẹ́nì ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ kí ìjọba Nàìjíríà tó fi orúkọ náà sọ owó tuntun ní 1973.

Nígbà tí òfin oṣù Kẹrin 1792 dá ilé ìtẹ̀wó sílẹ̀, èrò wọn ni pé kí bàbà tó wà nínú sẹ́ǹtì kan níye lórí tó sẹ́ǹtì kan lóòótọ́. Ìdí tó fi tóbi nìyẹn. Ṣùgbọ́n bàbà ń wọ́n sí i. Wọ́n kò tíì tẹ ẹyọ kan jáde tí wọ́n fi dín ìwọ̀n rẹ̀ kù sí gíráàmù 13.48 ní oṣù Kìíní 1793, nígbà tí 1795 sì ń parí lọ, wọ́n tún dín in sí gíráàmù 10.89. Di iye kejì yẹn mú, nítorí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tìrẹ ló yẹ kó súnmọ́ ọn.

Àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde, ní oṣù Kẹta 1793, ni èyí tí ọkàn mi kì í kúrò lára rẹ̀. Níwájú, orí obìnrin kan tí irun rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, tí wọ́n kọ LIBERTY, ìyẹn òmìnira, sókè orí rẹ̀. Lẹ́yìn, ẹ̀wọ̀n olórùka 15, tí wọ́n ní ó dúró fún ìṣọ̀kan ìpínlẹ̀ 15 tó wà nígbà náà. Àwọn ará ìlú kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ìwé ìròyìn ìgbà náà kọ ọ́ pé àmì burúkú ni ẹ̀wọ̀n jẹ́ fún òmìnira, àti pé obìnrin náà fúnra rẹ̀ dà bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé fún òun, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń pe irin tí wọ́n fi ń de ènìyàn àti ilé tí wọ́n ń tì í mọ́. Orílẹ̀-èdè tó ṣì ń ra ènìyàn dúdú, tó ń tà á, kọ òmìnira síwájú owó rẹ̀, ó sì ya ẹ̀wọ̀n sẹ́yìn. Mo ti di ọ̀kan mú rí lọ́wọ́ mi, kì í ṣe tèmi, mi ò sì lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. 36,103 péré ni wọ́n tẹ̀ kí wọ́n tó fi ewé róbótó rọ́pò ẹ̀wọ̀n náà. Oríṣi kejì yìí jẹ́ 63,353. Kí ọdún náà tó parí, oríṣi kẹta tún dé, obìnrin tó gbé fìlà òmìnira lé ọ̀pá léjìká, iṣẹ́ ọwọ́ Joseph Wright. Àìsàn ibà pọ́njú tó jà ní Philadelphia lọ́dún yẹn pa Wright. 11,056 ni ti fìlà tó ní ọdún 1793 lára.

Èyí tí ó jẹ́ tìrẹ, 1798 àti 1803, ni obìnrin tí aṣọ bo àyà rẹ̀, tí wọ́n fi rìbọ́ọ̀nù di irun rẹ̀. Robert Scot ni ó fín in, láti 1796 dé 1807 ni wọ́n sì lò ó. Ti 1847 jẹ́ iṣẹ́ Christian Gobrecht, obìnrin tó di irun rẹ̀ pọ̀ sẹ́yìn tó dé adé tín-ín-rín, 1839 dé 1857. Láàárín méjèèjì, John Reich ṣe tirẹ̀ láti 1808 dé 1814. Kò sí sẹ́ǹtì kankan tó ní 1815 lára, nítorí ogun pẹ̀lú ìjọba Bìrìtìkó ti dí ọ̀nà tí bàbà ń gbà wọlé. Ẹni tó bá fi ti 1815 hàn ọ́, ẹlòmíràn ni ó fi irin gbẹ́ ọdún náà.

Jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́, torí òun ló máa jẹ́ kí o mọ ìdí tí a fi ń fi awò wò ó lójoojúmọ́ bí ẹni ń ka ìwé. Irin líle ni wọ́n fi ń ṣe òǹtẹ̀, ọ̀kan fún iwájú, ọ̀kan fún ẹ̀yìn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tẹ orí obìnrin sínú irin náà, ọwọ́ ni wọ́n ń fi lu lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ewé kọ̀ọ̀kan sí i. Kò sí bí òǹtẹ̀ méjì ṣe lè bára mu. Ẹni tó ń lu ọdún lè fi 8 súnmọ́ irun, ẹni tó ń lu lẹ́tà lè ṣì í. Lọ́dún 1801, òǹtẹ̀ kan jáde tó ní àṣìṣe mẹ́ta lẹ́yìn: wọ́n fi I méjì lu U tó bẹ̀rẹ̀ UNITED, ewé náà ní ẹsẹ̀ kan dípò méjì, ìdá ọgọ́rùn-ún tó yẹ kó jẹ́ 1/100 sì di 1/000. Lọ́dún 1794, ẹnì kan tí a kò mọ̀ lu ìràwọ̀ kéékèèké 94 yí bèbè òǹtẹ̀ kan ká, bàbà sì ni wọ́n fi òǹtẹ̀ náà tẹ̀. Mo gbádùn irú nǹkan báyìí ju wúrà lọ. Irin náà kò sì lágbára púpọ̀. Ó ń sán, ó ń já ní bèbè, gbogbo sísán yẹn ló ń hàn lára owó, tí a fi lè mọ èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ọwọ́ ènìyàn ló ń fa ẹ̀rọ náà. Ọdún 1836 ni ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Bàbà tí wọ́n ń tẹ̀ kò dọ́gba pẹ̀lú. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń ra àlòkù bàbà kiri, wọ́n ń yọ́ ọ, wọ́n ń nà án. Irú bàbà yẹn kì í mọ́, ó máa ń ní ojú ọgbẹ́ àti ihò wẹ́wẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ná an rárá. Nígbà tó yá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ra èyí tí wọ́n ti gé róbótó láti ilé iṣẹ́ Matthew Boulton ní Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbà Boulton dán, ó le, awọ tó ń hù sára rẹ̀ sì máa ń rí bí ṣokoléètì. Fọ́tò ti 1803 tí o fi ránṣẹ́ ní irú awọ yẹn, inú mi dùn nígbà tí mo rí i.

Ọ̀rọ̀ ìpele wá kù. Òǹkà 1 dé 70 tí gbogbo ayé fi ń díwọ̀n owó Amẹ́ríkà lónìí, ara sẹ́ǹtì ńlá ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀. William Sheldon, onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn tó tún fẹ́ràn owó bàbà, ni ó gbé e jáde nínú ìwé tó kọ ní 1949. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Tí sẹ́ǹtì tó gbó jù, tó jẹ́ pé a kàn lè mọ òǹtẹ̀ rẹ̀ ni, bá jẹ́ dọ́là kan, èyí tó dára jù yóò jẹ́ dọ́là 70. Nọ́ńbà ìpele ni ìlọ́po owó rẹ̀. Láìpẹ́, owó àwọn tó dára fò kọjá ìṣirò yẹn pátápátá, ṣùgbọ́n nọ́ńbà dúró. Báyìí, 4 ni Good, 8 ni Very Good, 12 ni Fine, 20 ni Very Fine, 40 ni Extremely Fine, 50 sì ni About Uncirculated. Láti 60 lọ sókè ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò ná rí. Sheldon náà ni ó fi nọ́ńbà sí oríṣi òǹtẹ̀ láti 1793 dé 1814, S-1 dé S-295. Fún 1816 dé 1857, nọ́ńbà Howard Newcomb ni a ń lò.

Ẹni kan náà tí a ń tẹ̀ lé nọ́ńbà rẹ̀ ni ó jalè. Sheldon kú ní 1977. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ó hàn kedere, ọ̀rọ̀ náà sì dé ilé ẹjọ́, pé ó ti yọ àwọn sẹ́ǹtì tó dára nínú àkójọ American Numismatic Society, ẹgbẹ́ onímọ̀ owó àtijọ́ ní New York, ó sì fi èyí tí kò tó wọn sípò wọn. Fọ́tò àtijọ́ wà lára ohun tó tú u fó. Kò sí awọ bàbà méjì tó jọra: ihò kan nísàlẹ̀ etí, ìlà kan ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, àbàwọ́n kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà, bí ilà ojú ni. Wọ́n fi fọ́tò wé owó, ilà sì sọ ẹni tó ni ín.

Bí o bá fẹ́ mọ ìpele tìrẹ, jókòó síbi iná kan ṣoṣo, kó má jẹ́ iná àjà, kó jẹ́ èyí tó ń wá láti ẹ̀gbẹ́. Fi àtàǹpàkò àti ìka di etí owó náà mú, máa yí i díẹ̀díẹ̀. Awò tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po márùn-ún tàbí méje ti tó. Ní orí 1798 àti 1803, ibi tó yọ síta jù ni irun tó wà lókè iwájú orí àti èyí tó gba ẹ̀gbẹ́ ojú kọjá, pẹ̀lú ìṣẹ́po aṣọ ní èjìká. Ibẹ̀ ni ọwọ́ ènìyàn kọ́kọ́ ń jẹ. Ní 4, orí náà kò ju òjìji lọ, ọdún àti LIBERTY ṣì ṣeé kà, irun ti di ọ̀kan. Ní 8, irun ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pín. Tó bá di 12, nǹkan bí ìdajì irun ti hàn. Ní 20, ó ti ju ìdajì lọ dáadáa, aṣọ èjìká sì ní ojú ìṣẹ́po. Ní 40, iwájú orí àti ṣóńṣó èjìká nìkan ni ọwọ́ ti jẹ díẹ̀. Yí i sẹ́yìn, kí o wo iṣan ewé náà, torí iwájú àti ẹ̀yìn kì í fi gbogbo ìgbà gbó bákan náà.

Ṣọ́ra níbí. Irun lè má hàn nítorí pé òǹtẹ̀ kò kàn án dáadáa láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe nítorí pé ọwọ́ ti jẹ ẹ́. Ibi tí ọwọ́ ti jẹ máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì máa ń dán gbọ̀rọ̀. Ibi tí òǹtẹ̀ kò kàn máa ń rí hàràhàrà díẹ̀ bí ojú bàbà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ojú rẹ yóò mọ ìyàtọ̀ náà tí o bá ti wo bí ogún sí ọgbọ̀n ẹyọ. Àlàyé ẹnu lásán kò lè kọ́ ọ.

Gbogbo èyí tí mo kà sílẹ̀ yìí, ìdajì iṣẹ́ ni. Ìdajì kejì ni awọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀nà ti pín sí méjì. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń díwọ̀n, PCGS àti NGC, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1986 àti 1987, máa ń fi nọ́ńbà kan sí owó, wọ́n á sì fi ike dè é pa. Tí awọ rẹ̀ bá bàjẹ́ jù, wọ́n á kọ Details sí i lára láìfún un ní nọ́ńbà. Àwa tó wà nídìí bàbà, pàápàá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Early American Coppers tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. A máa kọ́kọ́ fún un ní máàkì fún bí àwòrán rẹ̀ ṣe hàn tó. Lẹ́yìn náà ni a óò máa yọ máàkì kúrò: fún ihò, fún ìlà, fún bèbè tó kán, fún bíbó. Èyí tó kù ni ìpele rẹ̀. Ìlà tó wà láàárín irun kò ní ká máàkì púpọ̀ lọ, èyí tó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọjá yóò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tèmi ni pé ọ̀nà ẹgbẹ́ yìí ló bá bàbà mu jù, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí sẹ́ǹtì tó ti pé igba ọdún tí kò ní àbùkù kan, a sì gbọ́dọ̀ lè sọ iye tí àbùkù náà jẹ́. Ṣùgbọ́n mọ èyí: nọ́ńbà ẹgbẹ́ sábà máa ń kéré sí nọ́ńbà ilé iṣẹ́ fún owó kan náà. Tí ọlọ́jà bá sọ pé 20, bi í pé ti ta ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi iye owó 20 ti ẹgbẹ́ ra 20 ti inú ike, wọ́n sì pàdánù.

Ó yá, jẹ́ ká wo tìrẹ bí fọ́tò ṣe fi hàn mí. Ti 1798: irun rẹ̀ hàn, ó tó 20. Ṣùgbọ́n ọrùn àti ilẹ̀ iwájú ojú kún fún ihò wẹ́wẹ́, àwọ̀ rẹ̀ sì dúdú kirikiri, bí owó tó ti sùn nínú ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Èmi yóò yọ ọ́ dé 8. Ilé iṣẹ́ ike yóò kọ Details sí i. Ti 1803: àwòrán 12, awọ rẹ̀ le, ó dọ́gba, ìlà kékeré kan wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti pẹ́ débi pé àwọ̀ ti bò ó mọ́lẹ̀. Mo fún un ní 10. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ti 1798 lọ dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irun tìyẹn ló hàn jù. Mú àwọn méjèèjì lọ síwájú fèrèsé, fi wọ́n ti ara wọn, kí o wò wọ́n títí tí ìwọ náà yóò fi rí ohun tí mo rí.

Ti 1847 ni ó dùn mí. Irun rẹ̀ mú gan-an, ó tó 40, àwọn ìlẹ̀kẹ̀ tó so irun náà ṣì hàn. Ẹnì kan ti bó o kó tó dé ọwọ́ rẹ. O rí i pé ó pọ́n, o sì lè rò pé àwọ̀ ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ni. Rárá. Pupa ìpilẹ̀ṣẹ̀ máa ń dà bí epo pupa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́, ìmọ́lẹ̀ á sì máa yí kiri lójú rẹ̀ tí o bá ń tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún sósì. Pupa bíbó máa ń rẹ́súrẹ́sú bí ara tí wọ́n họ, ìmọ́lẹ̀ kì í rìn lójú rẹ̀. Pupa ìpilẹ̀ṣẹ̀ ṣọ̀wọ́n gidigidi lára sẹ́ǹtì àtijọ́. Èyí tó wọ́pọ̀ díẹ̀ ni ti 1816 dé 1820, nítorí pé lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ni wọ́n rí àgbá kan ní Georgia tó kún fún wọn, tí ẹnikẹ́ni kò ná rí, èyí tí a ń pè ní àkójọ Randall. Mo fún ti 1847 rẹ ní 20, mo sì mọ̀ pé àwọn kan yóò fún un ní kò tó bẹ́ẹ̀. Fi í sínú àpò ìwé, gbé e sílẹ̀ fún ọdún díẹ̀. Yóò ṣú díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀. Má bá a kùn ún.

O kò bèèrè bóyá ayédèrú ni wọ́n, ṣùgbọ́n máa bi ara rẹ nígbà gbogbo. Wọ̀n wọ́n. Gíráàmù 10.89, tàbí díẹ̀ sísàlẹ̀ fún èyí tó gbó. Kí mágínẹ́ẹ̀tì má ṣe fà wọ́n. Fi awò yí etí wọn ká: ti tìrẹ gbọ́dọ̀ dán láìsí lẹ́tà, kò sì gbọ́dọ̀ sí ìlà tó yí i ká láàárín, torí ìlà yẹn ni ojú ibi tí wọ́n ti lẹ awẹ́ méjì pọ̀. Èyí tí wọ́n bá dà sínú mọ́ọ̀dù máa ń ní ihò róbótó bí ìhó ọṣẹ. Àwọn ayédèrú tuntun tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ ló le jù láti mọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní àléébù kan. Ara sẹ́ǹtì gidi kan ni wọ́n ti mú òǹtẹ̀ wọn, wọ́n sì ti mú ọgbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Tí o bá rí owó méjì tí ìlà kan náà wà níbì kan náà lẹ́rẹ̀kẹ́ wọn, ilà ojú ẹnì kan kò lè wà lójú ẹni méjì.

Èyí tí wọ́n ń yí jù ni ti 1799. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an, Joseph Mickley ará Philadelphia, tí wọ́n bí lọ́dún náà, ni wọ́n ń sọ pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó jọ nítorí pé ó ń wá sẹ́ǹtì ọdún ìbí rẹ̀ tí kò rí i. Àwọn oníjìbìtì máa ń gbẹ́ 8 ìkẹyìn ti 1798 di 9. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ ra 1798 rẹ tó gbó yẹn ní owó tó ju bó ṣe yẹ lọ, ronú lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ti títọ́jú wọn, bàbà kò fẹ́ ọ̀rinrin. Gbé wọn kúrò nínú àpótí bọ́tìnnì lónìí. Fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan sínú àpò òwú kékeré, kí o wá fi àpò òwú náà sínú àpò ìwé, kì í ṣe ọ̀rá rírọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́pọ̀, torí kẹ́míkà inú ọ̀rá náà máa ń ṣẹ́ sára bàbà ní àwọ̀ ewé. Sọ àpò kékeré silica gel, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà, sínú àpótí wọn, kí o sì máa pààrọ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ gbé wọn wálé sí Èkó lọ́jọ́ kan, ìyẹn ṣe pàtàkì ju ìdènà olè lọ. Mo rí ohun aláwọ̀ ewé díẹ̀ lẹ́bàá lẹ́tà ti 1798. Acetone tí kò ní òórùn dídùn nínú, tí wọ́n ń tà níbi tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà, lè bá a mú ọ̀rá àti ẹ̀gbin kúrò láìfọwọ́ kan awọ. Rì í sínú abọ́ gíláàsì, kó má jẹ́ ike, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ tí iná kò sí, kí ọmọ tuntun sì jìnnà síbẹ̀. Má fi nǹkan kan ha á. Tí àwọ̀ ewé náà kò bá kúrò, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí o mú un wá fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ṣé kí o fi wọ́n ránṣẹ́? Ti 1798 àti 1847, rárá. Owó ìdíwọ̀n àti owó ìfiránṣẹ́ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ owó wọn tán, ohun tí wọn yóò sì kọ padà sí ọ ni Details. Ti 1803, dúró ná. Ní ọdún yẹn, ilé ìtẹ̀wó lo nọ́ńbà ọdún kékeré àti ńlá, wọ́n sì tún lo ìdá kékeré àti ńlá, bí wọ́n ṣe bá ara wọn pàdé lórí òǹtẹ̀ sì ló ń sọ èyí tó wọ́pọ̀ àti èyí tí àwọn olówó máa ń bá ara wọn dù ní gbàǹjo. Fọ́tò ẹ̀yìn tí o fi ránṣẹ́ ṣókùnkùn nísàlẹ̀, n kò rí i kedere. Yí i padà níwájú fèrèsé lọ́la, fi awò wo ìdá 1/100 tó wà lábẹ́ ewé, ya fọ́tò rẹ̀ súnmọ́tòsí. Tí o bá rí i pé òdo kan wà lábẹ́ 1 tó bẹ̀rẹ̀ 100 náà, bí ẹni pé wọ́n kọ́kọ́ lu 000 kí wọ́n tó tún un ṣe, kọ̀wé sí mi kí o tó fi han ọlọ́jà kankan.